Òkè Obudu, láti Ọjọ́bọ̀ dé Ọjọ́ Ajé

Ọjọ́bọ̀: Àbújá sí ìlú Obudu

Aago márùn-ún ààbọ̀ ìdájí la kúrò ní Àbújá, ní ìparí oṣù Kẹwàá. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin jókòó síwájú lẹ́gbẹ̀ẹ́ dírẹ́bà. Èmi àti ọmọ rẹ̀ ọkùnrin, ọmọ ọdún mọ́kànlá, wà lẹ́yìn pẹ̀lú kúlà oúnjẹ láàárín wa. A ò dédé jí bẹ́ẹ̀. Ẹnikẹ́ni tó bá mọ ọ̀nà Benue dáadáa yóò sọ fún yín pé ojúmọmọ ni kí ẹ fi rìn ín. Bí ilẹ̀ bá ti ń ṣú lọ nígbà tí ẹ dé Makurdi, ẹ wá ibi sùn sí. Òkè kò ní sá kúrò níbi tó wà.

Keffi, Akwanga, Lafia: oorun ni mo fi sun gbogbo rẹ̀. Wọ́n ti la ọ̀nà yẹn sí méjì, alọ lọ́tọ̀, àbọ̀ lọ́tọ̀. Owó ibodè wà níbẹ̀, ẹ fi í kún ìṣirò yín. Makurdi ni mo ti lajú. Odò Benue fẹ̀ lọ salalu, ó ṣì kún nítorí òjò ò tíì dá tán. Afárá àtijọ́ tí ọkọ̀ ojú irin ń gbà kọjá, èyí tí wọ́n ṣí ní 1932, ṣì dúró gbagidi sínú omi.

Dírẹ́bà wa, tó jẹ́ ọmọ Tiv, ni kò jẹ́ ká fọwọ́ kan kúlà. Ó ní ẹni tó bá gba ilẹ̀ baba òun kọjá tí kò jẹyán, onítọ̀hún ti bú òun. Ó mú wa lọ sí búkà kan lẹ́yìn ibùdókọ̀. Iyán náà funfun, ó fà, kò ní kókó kan ṣoṣo. Ọbẹ̀ okoho tí wọ́n bù sí i ń yọ̀ ju ilá lọ. Ẹ̀gbọ́n mi, tó fẹ́ ọmọ Èkìtì, jẹ òkèlè kìn-ín-ní, ó jẹ ìkejì, ó mirí, ó ní: "Ẹ jọ̀ọ́, kí ẹnikẹ́ni má sọ èyí létí ọkọ mi o." Abọ́ kan pẹ̀lú ẹran méjì, ₦3,000.

A ti kọjá Gboko, òkè Mkar ti wà lẹ́yìn wa, nígbà tí táyà ẹ̀yìn bẹ́. Jáàkì wà, sípíà wà, àmọ́ sípíà náà ò ní afẹ́fẹ́ nínú. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó ń ta ọsàn lẹ́bàá ọ̀nà ní kí ọmọ wa bá òun ṣọ́ ọjà, ó gbé sípíà sórí ọ̀kadà, ó forí lé ọ̀dọ̀ fọkanáísà ní abúlé tó wà níwájú. Ó pẹ́ díẹ̀ kó tó dé. Nígbà tó fi máa dé, ọmọ wa ti ta ọsàn ẹgbẹ̀rún kan náírà, bẹ́ẹ̀ kò gbọ́ èdè Tiv kankan ju "msugh" tí dírẹ́bà kọ́ ọ kó fi máa kí ènìyàn. Owó fọkanáísà nìkan ni ọmọkùnrin náà gbà lọ́wọ́ wa. A ní kó fi díẹ̀ kún un, ó kọ̀ jálẹ̀. Ọsàn la wá ń rà lọ́wọ́ rẹ̀ títí búùtù fi kún dé ìdajì, nítorí ọ̀nà tó gbà wá láyè láti fi dúpẹ́ kò ju ìyẹn lọ.

Lẹ́yìn Vandeikya ni ẹ máa wọ ìpínlẹ̀ Cross River. Aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́ ti lù ká tó dé ìlú Obudu, a sì sùn síbẹ̀. Àwọn kan máa ń fẹ́ kánjú gòkè lálẹ́ kí owó yàrá kan má bàa ṣòfò. Ní tèmi, ẹ jẹ́ kó ṣòfò.

Ọjọ́ Ẹtì: ìgòkè

Ìlú Obudu lọ́tọ̀, òkè tí gbogbo ayé ń pè ní Obudu lọ́tọ̀. Ìjọba ìbílẹ̀ Obanliku ni òkè náà wà, nǹkan bíi wákàtí kan sí ìlú bí ọ̀nà bá dára. Ẹ rọ epo kún táǹkì kí ẹ tó kúrò ní Obudu, kí ẹ sì gba owó tó máa tó yín dání. Lókè, nẹ́tíwọ́ọ̀kì máa ń wá, ó máa ń lọ, POS kì í sì í ṣiṣẹ́ láìsí nẹ́tíwọ́ọ̀kì.

Ní ẹsẹ̀ òkè, dírẹ́bà ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, ó wo omi rédíétọ̀, ó ní kí ẹni tó bá fẹ́ tọ̀ lọ tọ̀ báyìí. Mo rò pé ó ń ṣe àwàdà ni. Ọ̀nà náà kò ju kìlómítà 11 lọ, àmọ́ kọ́ńà 22 ló wà nínú rẹ̀, kò sì síbi tí ọkọ̀ lè dúró sí ní ọ̀pọ̀ nínú wọn. Èyí tí wọ́n ń pè ní Devil's Elbow, ẹ̀gbọ́n mi dijú kọjá rẹ̀ ni, ó ń ka Sáàmù. Gíà kìn-ín-ní àti ìkejì ni ọ̀gá dírẹ́bà lò dé òkè. Ẹ̀yin tí ẹ máa fúnra yín wakọ̀, ẹ gbọ́ èyí lẹ́nu rẹ̀: gíà tí ẹ bá fi gòkè náà ni kí ẹ fi sọ̀kalẹ̀. Ẹni tó bá ń tẹ búrẹ́kì láti òkè délẹ̀, búrẹ́kì náà yóò gbóná títí yóò fi kọ iṣẹ́.

Lórí wa, wáyà kébù-káà nà gbọọrọ láti ẹsẹ̀ òkè dé orí, nǹkan bíi kìlómítà 4. Kí ẹ tó kúrò nílé, ẹ béèrè bóyá ó ń ṣiṣẹ́ lásìkò tí ẹ ń lọ. Ojú ọ̀nà la gbà ní tiwa, n kò sì rò pé a pàdánù, nítorí ojú ọ̀nà ni ènìyàn ti ń rí bí ilẹ̀ ṣe ń yí padà. Nísàlẹ̀, ọ̀pẹ àti ọ̀gẹ̀dẹ̀ ló wà níbi gbogbo. Bí a ṣe ń gòkè, ọ̀pẹ dàwátì. Lókè pátápátá, koríko ló bo gbogbo ibẹ̀, igi ńláńlá sá sínú àfonífojì níbi tí omi wà.

Láàárín méjì, etí wa bẹ̀rẹ̀ sí í dí. Ọmọ wa fa ìpékeré inú nylon jáde, nylon náà ti wú bí ikùn ọ̀pọ̀lọ́. Ó bi mí bóyá ó ti bàjẹ́. Mo ní kò bàjẹ́, afẹ́fẹ́ ìsàlẹ̀ ni wọ́n dì mọ́ inú rẹ̀, ti òkè ìhín ló fúyẹ́, kò lè tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ mọ́. Ó ní òun á jẹ ẹ́ kíákíá nígbà náà kó má bàa bẹ́.

Ní 2005 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ eré ìje kan lójú ọ̀nà yìí, kìlómítà 11.25, láti ìsàlẹ̀ dé òkè, ẹsẹ̀ ni wọ́n sì fi ń sá a. Dírẹ́bà ló ń sọ ọ́ fún wa. Ẹ̀gbọ́n mi lajú fún ìgbà àkọ́kọ́, ó wo ọ̀gbun tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó béèrè pé: "Ta ni wọ́n ń sá fún?"

A ò tíì dé òkè tán nígbà tí ìkùukùu dé. Kò fi bọ̀ọ̀kẹ́lẹ́ wá rárá. A rí kọ́ńà tó wà níwájú, lẹ́yìn náà a ò rí i mọ́. Dírẹ́bà tan iná, ó yí gíláàsì sílẹ̀, ó ń fọn fèrè. Bàbá ọlọ́kadà kan tó ti kó iṣu sẹ́yìn kọjá wa, ó wẹ̀yìn, ó sì rọra ń lọ níwájú wa kí a lè máa wo iná pupa rẹ̀. A ò bẹ̀ ẹ́. Nígbà tí a dé òkè, ó juwọ́ sí wa, ó yà sọ́tùn-ún, ó lọ.

Òtútù tó kọ lù wá bí a ṣe ṣílẹ̀kùn ọkọ̀! Fún gbogbo 1,000 mítà tí ènìyàn bá gùn sókè, afẹ́fẹ́ máa ń tutù sí i ní nǹkan bíi ìwọ̀n 6 lórí òṣùwọ̀n Celsius, òkè yìí sì ga tó 1,576 mítà sí ojú òkun. Nítorí náà, bí ó bá jẹ́ 31 ní Calabar létí omi, bí 22 ni ẹ ó bá lókè lọ́sàn-án gangan, kí alẹ́ tó lẹ́. Súwẹ́tà, ìbọ̀sẹ̀, fìlà ọmọdé: ẹ kó wọn. Kò ga tó ibi tí àìsàn orí òkè ti ń dààmú ènìyàn ṣá, ìyẹn kì í sábà bẹ̀rẹ̀ kó tó di 2,500 mítà. Ẹni tí orí bá ń fọ́ níbí, kó lọ mu omi.

Ilé àlejò kékeré kan la dé sí. Màmá tó ń se oúnjẹ níbẹ̀ kí wa káàbọ̀ pẹ̀lú tíì gbígbóná, ó ní ká má retí ẹ̀wà kí alẹ́ tó lẹ́, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó ti wà lórí iná láti ọ̀sán. Omi tètè máa ń hó níbẹ̀, ní bíi 95 dípò 100, nítorí náà híhó rẹ̀ ò mú oúnjẹ jinná bó ṣe yẹ. Ẹ̀gbọ́n mi fa ìwé kan yọ nínú báàgì, ètò gbogbo ohun tí a máa ṣe lọ́la láti aago méje dé aago mẹ́fà. Màmá wò ó, ó rẹ́rìn-ín. Ó fi èdè Píjìn sọ pé: "Màdámù, ẹ má ṣètò ọjọ́ lálẹ́ níbí. Ẹ jí, kí ẹ kọ́kọ́ wo ojú òkè ná."

Ọjọ́ Àbámẹ́ta: igbó, omi, màlúù

Màmá náà ló kan ilẹ̀kùn wa ní aago mẹ́fà ku díẹ̀. "Ó ti ṣí. Ẹ jáde."

A jáde pẹ̀lú búláńkẹ́ẹ̀tì lọ́rùn. Gbogbo ìkùukùu àná wà nísàlẹ̀ wa, ó kún àfonífojì dẹ́múdẹ́mú, orí àwọn òkè mìíràn nìkan ló yọ síta, ọ̀kan lẹ́yìn òmíràn, títí lọ sí ìhà Cameroon. Afẹ́fẹ́ tútù wúwo ju èyí tó gbóná lọ, inú àfonífojì ló máa ń rọ̀ sí lóru, ìkùukùu a sì dì síbẹ̀. Bí oòrùn bá ti ń mú ilẹ̀ gbóná, yóò bẹ̀rẹ̀ sí í gun òkè padà. Ní aago mẹ́jọ ààbọ̀, ó ti ń fẹ́ sí wa lẹ́sẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ wá nítorí fọ́tò, iṣẹ́ yín parí nìyẹn. Mo rí àwọn tó jí ní aago mẹ́sàn-án, tí wọ́n jẹun tán, tí wọ́n múra gẹ́lẹ́ fún fọ́tò, tí wọ́n wá ń béèrè ibi tí òkè wà.

Ìkùukùu kì í ba igbó jẹ́, ìyẹn ni a ṣe forí lé igbó Becheve. Ẹ mú ẹni tó mọ̀nà dání. Ọmọ ìlú tó tẹ̀ lé wa gba ₦5,000 lórí gbogbo wa, ó sì tọ́ sí i. Wọ́n so afárá okùn mọ́ àárín igi níbẹ̀, gíga gan-an, ẹnì kan ló ń rìn lẹ́yìn ẹnì kan. Bí ẹni tó wà níwájú bá gbẹ́sẹ̀, ẹsẹ̀ tìrẹ náà á gbọ̀n. Ọmọ wa sáré kọjá. Èmi náà kọjá, n kò ní sọ bí mo ṣe kọjá. Ẹ̀gbọ́n mi dúró lẹ́nu afárá títí, ó ń kí wa pé a kú iṣẹ́, kó tó di pé afinimọ̀nà ní kó máa wo ẹ̀yìn òun nìkan, kó má wo ìsàlẹ̀, kó máa kọrin. Orin "Jésù fà mí lọ́wọ́" ló kọ débi tí a wà.

Lórí afárá yìí ni ojú yín bá orí igi dọ́gba, ibẹ̀ sì ni àwọn ẹyẹ wà. Lára àwọn ẹyẹ tó ń gbé orí àwọn òkè Cameroon wà níbí, àwọn tí ènìyàn kò lè rí ní ọ̀pọ̀ ibi mìíràn ní Nàìjíríà, nítorí wọn ò lè gbé nísàlẹ̀ níbi tí ooru ti ń mú. Mo gbọ́ ohùn wọn ju bí mo ṣe rí wọn lọ. Ẹ mú awò awọ̀nàjíjìn dání bí ẹ bá ní in, kí ẹ sì pa ẹnu mọ́, èyí tó ṣòro fún ìdílé tiwa.

Bí a ṣe ń lọ sí ibi ihò omi tí wọ́n ń pè ní Grotto, àtẹ́lẹsẹ̀ bàtà mi ọ̀tún ṣí láti iwájú dé gìgísẹ̀. Ilẹ̀ ibẹ̀ máa ń tutù, ẹrẹ̀ sì ń fa bàtà. Afinimọ̀nà já ìtàkùn kan, ó fi de bàtà náà lẹ́ẹ̀mẹrin, ó ní ó di ilé. Ó sì di ilé lóòótọ́. Omi ibẹ̀ mọ́ kedere, ó tutù débi pé ọmọ wa ki ẹsẹ̀ bọ̀ ọ́, ó pariwo, ó yọ ọ́, ó tún ki ẹsẹ̀ bọ̀ ọ́. Ẹ fi ìdajì wákàtí sílẹ̀ fún ibẹ̀, ó kéré tán. Nínú gbogbo ibi tí a dé lórí òkè yìí, òun ni mo fẹ́ràn jù, bẹ́ẹ̀ ibẹ̀ ni mo gbọ́ díẹ̀ jù nípa rẹ̀ kí n tó wá.

Nígbà tí a ń padà bọ̀, a gba àárín koríko níbi tí àwọn Fúlàní ń da màlúù. Màlúù ló kọ́kọ́ mú òkè yìí lókìkí, kì í ṣe àlejò. Àwọn darandaran láti Scotland ló dá ọgbà màlúù sílẹ̀ níbẹ̀ ní 1951, nítorí òtútù kì í jẹ́ kí eṣinṣin tsetse tó ń pa màlúù gbilẹ̀ lókè, koríko sì pọ̀. Ẹ̀gbọ́n mi ṣe àgùnbánirọ̀ ní Sokoto, nítorí náà ó kí ìyá àgbà kan tó jókòó lẹ́nu àhéré rẹ̀ lédè Hausa. Ọ̀rọ̀ di tẹbí. Ìyá náà bu wàrà sínú igbá fún wa, ó bi ẹ̀gbọ́n mi pé ọmọ mélòó ló bí. Ẹ̀gbọ́n mi ní ọ̀kan. Ìyá náà wo ọmọ wa lọ́tùn-ún lósì, ó ní ẹ má bínú, ọ̀kan kò tó, ó sì tún bu wàrà sí i fún un. Ó gba ₦1,000 tí a na sí i lẹ́yìn ọ̀pọ̀ àríyànjiyàn.

Aago méjì kọjá díẹ̀, òjò dé. Ó bá wa lójú ọ̀nà. Láti ìgbà náà títí di alẹ́, ẹ̀wà ni a jẹ, èyí tó ti jinná wàyí, a sì ta ayò.

Ọjọ́ Àìkú: ó bò

Màmá ò kan ilẹ̀kùn. Nígbà tí mo yọjú, n kò rí ọkọ̀ wa tó wà níwájú yàrá.

Ọjọ́ báyìí ni ẹ máa mọ ìwúlò àwọn nǹkan tí wọ́n kọ́ fún àlejò: ibi ìwẹ̀ odò, pápá gọ́ọ̀fù àti bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ. N kò rí ẹni tó ń wẹ̀ nínú òtútù yẹn, n kò sì mọ bí wọ́n ṣe ń gbá gọ́ọ̀fù nígbà tí wọn ò rí ihò. Ní ọ̀dọ̀ tiwa, oyin la wá lọ. Oyin orí òkè yìí dúdú, ó ki, òórùn òdòdó wà lára rẹ̀. Inú ìgò ọtí àtijọ́ ni wọ́n ń rọ ọ́ sí. ₦6,000 ni obìnrin tó ń tà á pè é, ẹ̀gbọ́n mi ná an dé ₦4,500. A mú mẹ́ta. Ẹ tọ́ ọ wò kí ẹ tó sanwó, kò sẹ́ni tó máa bínú.

Ní bíi aago mẹ́rin, ó ṣí fún ìṣẹ́jú díẹ̀, gbogbo ènìyàn sáré jáde, ó tún pa dé. Lálẹ́, wọ́n dáná síta, a yí i ká pẹ̀lú àwọn àlejò láti Enugu tí wọ́n ń sun àgbàdo. Wọ́n fún wa ní àgbàdo, a fún wọn ní ọsàn, títí gbogbo wa fi ń rùn èéfín.

Ọjọ́ Ajé: ìsọ̀kalẹ̀

Aago méje la gbéra, gíà kìn-ín-ní. Síbẹ̀, a dúró ní ìdajì ọ̀nà níbi tó gbòòrò kí búrẹ́kì lè sinmi. Bí ẹ bá gbóòórùn nǹkan tó ń jó, ẹ má máa lọ.

Ẹ̀yin tí ẹ bá ń gba Ikom lọ sí Calabar dípò Àbújá, ẹ fi alẹ́ kan sílẹ̀ fún agbègbè òkè Afi. Lásìkò ọ̀gbẹlẹ̀, àwọn alápàáǹdẹ̀dẹ̀ tó sá fún òtútù Yúróòpù máa ń wọ̀ sí ìtòsí abúlé Ebbaken láti sùn, wọ́n sì pọ̀ ju ohun tí ojú lè kà lọ: àwọn onímọ̀ fojú bù ú pé wọ́n lé ní mílíọ̀nù kan. Ibẹ̀ náà ni ọgbà tí wọ́n ti ń tọ́ àwọn ọ̀bọ drill wà. Ọ̀nà tiwa kò gba ibẹ̀, ọmọ wa sì ti ń bá ìyá rẹ̀ ṣàdéhùn lórí ọ̀rọ̀ náà.

Obudu, Vandeikya, Gboko. A jẹ iyán ní Makurdi, búkà kan náà, owó kan náà. Àwọn ọlọ́pàá dá wa dúró lẹ́yìn Lafia, wọ́n ní ká ṣí búùtù, òórùn oyin sì gba gbogbo ibẹ̀. Ìgò kan ti ń jò láti ìgbà tí ooru ìsàlẹ̀ ti bá a, ó ti ṣàn sí ara bàtà mi tó fìtàkùn dè. Ọlọ́pàá náà wo bàtà náà títí. Ó ní ká máa lọ.

Ẹ má kún ìgò oyin yín dé ẹnu, kí ẹ sì fi nylon méjì dì í.